Òru Méjì Lábẹ́ Àgọ́ ní Pendjari

Kò sí ọmọ Manigri kan tí kò mọ òwe erin. Kí ọmọ tó mọ ìwé kà ni yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. À ń pa á níbi ìjókòó àgbà, à ń pa á níbi ìdána, à ń pa á lọ́jà nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fojú kéré ohun ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni nínú wa ti rí erin rí? Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ogójì ọdún kí ojú mi tó kan erin, ọ̀nà tí mo sì gbà rí i jìnnà sí ilé.

Ní òpin ọdún 2018, àbúrò mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu pè mí lórí fóònù. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé Bàbá lọ sí Pendjari. Mo ti san owó òru méjì ní ibùdó àgọ́ tó wà nínú ọgbà ẹranko náà." Mo bi í ní iye tí ó san, ó kọ̀, kò sọ. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, mo rí i pé owó òru méjì náà ju gbogbo èrè tí mo jẹ lórí kajú mi ní ọdún náà lọ.

Bàbá tí à ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí wa. Ọdẹ ni. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wọ igbó òkè Kouffé lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó padà wálé pẹ̀lú ẹran gbígbẹ. Igbó yẹn kò jìnnà sí wa. Ìjọba Faransé ló fi òfin dè é ní àwọn ọdún 1940, òun àti igbó Wari-Maro tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bàbá máa ń sọ fún wa pé òun ti fi ẹsẹ̀ ara òun dúró nínú ojú ẹsẹ̀ erin níbẹ̀ rí, tí omi òjò kún inú rẹ̀ bí abọ́. Ojú ẹsẹ̀ nìkan ló rí. Erin fúnra rẹ̀, wọn kò pàdé. Láti ìgbà tí a sì ti ń dá oko iṣu àti oko kajú wọ inú igbó, tí à ń gé igi gẹdú, tí à ń sun èédú, ojú ẹsẹ̀ erin náà ti di ìtàn. Ohun tí àbúrò mi ń fẹ́ kò ju pé kí àgbà náà fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa lówe.

A kúrò ní Manigri ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí òdòdó kajú sì ń yọ. Ọ̀nà ọ̀dà tí ó ti Savalou àti Bantè bọ̀ ló gba ẹnu ilé wa kọjá, òun náà ló sì lọ títí dé ààlà Bùkínà Fasò. A la Bassila kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní Djougou a dúró jẹ wàsáwásá, Bàbá sì fi èdè Dendi ná ọjà bí ẹni tí a bí síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí àwọn òkè Atakora sì yọ síwájú wa. Ní Natitingou, òkè yí ìlú ká. Nígbà tí a dé Tanguiéta, Bàbá ní kí a dúró díẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn Saint-Jean de Dieu, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún aya rẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ó bọ́ fìlà, ó kí ilé náà, ó ní kí a máa lọ. Nǹkan bí 40 kìlómítà ló kù láti ibẹ̀ dé Batia, lórí ọ̀nà eléruku tó ń bá ẹsẹ̀ òkè lọ. Batia ni ẹnu ọ̀nà ọgbà, níbẹ̀ ni afinimọ̀nà wa sì ti ń dúró dè wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Gourmantché.

Nígbà tí wọ́n sọ pé inú àgọ́ ni a ó sùn, ohun tó wá sí ọkàn Bàbá ni ahéré ọdẹ: igi mẹ́rin, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀, iná lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí a bá kò jọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ nípọn ni ògiri àgọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pákó dídán ni ilẹ̀ rẹ̀. Ibùsùn fífẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ibùsùn, ilé ìwẹ̀ wà tí omi ti ń dà láti òkè, iná tí wọ́n fi oòrùn ṣe sì ń tàn lórí tábìlì. Níwájú, àga méjì kọjú sí pápá gbalasa tí kò ní òpin. Bàbá fi ọwọ́ tẹ ibùsùn, ó fi ọwọ́ tẹ ògiri aṣọ, ó wò mí, ó ní: "Àwọn tó kọ́ èyí, ṣé wọn kò mọ ẹranko ni, tàbí owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn?" Ní òru àkọ́kọ́, orí ẹní ló sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àlejò péjọ sábẹ́ òrùlé ńlá kan tí kò ní ògiri, níbi tí a ti ń jẹun. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, èmi àti Bàbá nìkan ni àlejò tó jẹ́ ènìyàn dúdú. Bàbá wọ dàńṣíkí rẹ̀, ó sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Òyìnbó kan tí òun àti aya rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣẹ́wọ́ sí i, ó sì ní kí ó bá òun gbé omi wá. Mo gbọ́ ọ, inú mi ru. Mo fẹ́ dìde, Bàbá fi ojú dá mi dúró. Ó gbé ìgò omi, ó gbé kọ́ọ̀bù méjì, ó bu omi fún ọkùnrin náà, ó bu fún aya rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga, ó jókòó níwájú wọn, ó sì ní kí n wá ṣe ògbufọ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà mọ̀ pé àlejò bíi tòun ni àgbà yìí, ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá ní: "Sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí. Ní ilé tiwa, onílé ni ń bu omi fún àlejò." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé bí mo ṣe lè ṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni aya ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa Manigri, nípa ọdẹ, nípa igbó wa. A kò dìde níbẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Lóru, a kò gbọ́dọ̀ dá rìn láti àgọ́ kan sí èkejì; ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú fìtílà ni yóò sin ènìyàn. Bí wọ́n ṣe pa iná, òkùnkùn dé, irú òkùnkùn tí a ti gbàgbé ní Manigri láti ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríkì ti wọlé. Mo gbọ́ ìkookò lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni mo gbọ́ kìnnìún. Kò jọ ti inú fíìmù rárá. Ohùn náà wá láti ilẹ̀, ó gba inú pákó gòkè, ó sì wọ àyà mi. Aṣọ lásán ló wà láàárín èmi àti òun. Mo pe Bàbá ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti jí tipẹ́. Ó ní: "Ó wà lódìkejì omi. Ó ti yó. Sùn." Ó sì sùn lóòótọ́, mo gbọ́ bí ó ṣe ń han-unrun. Èmi ni n kò lè sùn.

Ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tí ohùn yẹn jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé gbogbo kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì wà ní ilẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ọgbà mẹ́ta so pọ̀: W, Arly àti Pendjari, láàárín Bẹ̀nẹ̀, Bùkínà Fasò àti Nìjẹ̀r. Ibẹ̀ náà ni erin pápá pọ̀ sí jù ní agbègbè wa. Pendjari nìkan tó nǹkan bí 2.750 kìlómítà níbùú lóròó, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ kọ́múnù Bassila wa. Ìjọba Faransé sọ ọ́ di ilẹ̀ ààbò ní 1954, ó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1961, ní 2017 sì ni UNESCO fi í kún ogún àgbáyé. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi àbójútó rẹ̀ lé àjọ African Parks lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gun ọkọ̀ tí kò ní òrùlé kí oòrùn tó yọ. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ afinimọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi rí i pé àwọn jọ gbọ́ Dendi, èmi ògbufọ̀ sì di aláìníṣẹ́. Afinimọ̀nà a nawọ́, a pe orúkọ ẹranko ní Faransé; Bàbá a pè é ní èdè wa; afinimọ̀nà a wá pè é ní Gourmantché. Báyìí ni òtòlò fi gba orúkọ mẹ́ta, ẹfọ̀n gba mẹ́ta, ìmàdò tó gbé ìrù sókè tó ń sá lọ bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ gba mẹ́ta. Ọmọkùnrin náà fa ìwé kékeré kan yọ, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ó ní àwọn àlejò ọmọ Nàìjíríà a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú wọn yóò sì dùn bí òun bá lè pe ẹranko ní Yorùbá.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe. Wọ́n ń jáde láti inú igi lẹ́tí odò, ọ̀kan, méjì, márùn-ún, abo àti ọmọ, eruku pupa lára wọn. Mo kà wọ́n dé mọ́kànlá. Ariwo kan kò sí. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń kọjá, ìró koríko gbígbẹ nìkan ni à ń gbọ́. Ọmọ kékeré kan dúró, ó kọjú sí wa, ó gbọn etí, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ fà á lọ.

Bàbá ti bọ́ fìlà rẹ̀ sórí itan. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí mo fetí sílẹ̀, mo gbọ́ pé ìjálá ló ń sun ní ohùn tí ó rẹlẹ̀ púpọ̀, oríkì erin tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọ ogún ọdún. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. A kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí nílé, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó béèrè, bóyá nítorí pé kò sí erin tí yóò sun ún fún. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọ inú igbó lọ, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní: "Ó tó. A rí erin."

Lọ́sàn-án, a dé Mare Bali, adágún tí àwọn erinmi ti ń rì tí wọ́n ń léfòó, tí ọ̀nì sì sùn sí bèbè bí ìtì igi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ líle ti jáde. Bàbá béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ tí wọ́n bá bá nínú ọgbà. Afinimọ̀nà ní ẹ̀wọ̀n ni. Ó wá ṣàlàyé pé ilẹ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún ọdẹ olówó, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àlejò ti ń ti òkè òkun wá, tí wọ́n ń sanwó ńlá láti pa ẹfọ̀n tàbí kìnnìún. Àwọn ìlú tó yí ọgbà ká sì máa ń gba ìpín nínú owó náà.

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Nítorí náà, ìbọn kan náà ni, ẹran kan náà ni. Owó ló sọ ọ̀kan di àlejò, òun náà ló sọ èkejì di olè."

Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó ní ilẹ̀ tí ọgbà wà yìí, àwọn bàbá ńlá òun ti gbé inú rẹ̀ rí kí wọ́n tó ní kí wọ́n jáde, bàbá òun kò sì dárí jì wọ́n títí ó fi kú. "Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá sí òfin náà ńkọ́? Ṣé àwọn erin tí ẹ bọ́ fìlà fún láàárọ̀ yìí yóò ṣì wà?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ní: "Òkè Kouffé kò ní ẹ̀ṣọ́ bí èyí. Àwa la jẹ ẹ́ tán."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, n kò sì lè sọ pé ọ̀kan jẹ̀bi. Òfin tó lé onílẹ̀ jáde ló pa erin mọ́. Àṣà tó kọ́ Bàbá ní oríkì erin náà ló fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Àgọ́ olówó iyebíye tí a sùn sí ń ta òru igbó fún àlejò, òru kan náà tí àwọn bàbá wa sùn sí lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ná bí ẹni pé kò lè tán.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí a padà sílé ni ìròyìn burúkú dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí 2019, àwọn agbébọn jí àwọn ará Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, Fiacre Gbédji. Àwọn sójà Faransé gba àwọn tí wọ́n jí gbé náà sílẹ̀ ní Bùkínà Fasò, méjì nínú àwọn sójà náà sì kú síbẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà W. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe 2025, wọ́n pa sójà Bẹ̀nẹ̀ 54 ní apá òkè ilẹ̀ wa. Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ń kìlọ̀ fún ará ìlú wọn pé kí wọ́n má ṣe dé ibẹ̀. Afinimọ̀nà wa pè mí ní ọdún tó kọjá. Zémíjàn ló ń gùn ní Natitingou báyìí. Ó ní ìwé kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Kì í ṣe láti fi ìbànújẹ́ parí ọ̀rọ̀ ni mo ṣe kọ èyí. Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé ọ̀nà Pendjari ti dí, ó ní kí n gbé òun lọ sí Kikélé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọ́múnù Bassila mọ ibẹ̀, bóyá ẹ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì yà. Igbó kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú kà sí ohun ọ̀wọ̀, inú rẹ̀ sì ni edun ń gbé, ọ̀bọ dúdú tí itan rẹ̀ funfun tí ìrù rẹ̀ sì gùn funfun bí òwú. Edun yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ayé. Ó kù ní Kikélé nítorí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà pé a kì í pa á. Èèwọ̀ ló dá a sí, tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé àlejò lè sanwó láti rí i.

A kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjìlá dání láti Manigri. Ìbejì méjì wà nínú wọn. Kí a tó rí edun kankan, àgbà kan ní Kikélé ti bu omi fún wa, Bàbá sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn edun yọ lórí igi, Bàbá pe Táyé àti Kẹ́hìndé síwájú, ó ní: "Ẹ wò wọ́n dáadáa. Orúkọ wọn ni a fi ń kì yín." Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá wọn ń kì wọ́n ní edun, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de owó àgọ́. Ẹ lọ sí Kikélé. Kí ẹ tó lọ, ẹ yà lọ́dọ̀ àgbà kan nílé yín, ẹ béèrè orúkọ ẹranko mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa àti ní Faransé. Bí ẹ bá dá oko, ẹ má ṣe fi iná sun ohun tí ó kù ní òkè Kouffé. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀nà Pendjari yóò là padà. Ó wù mí kí ó jẹ́ pé ọmọ wa ni yóò jókòó sẹ́nu ọkọ̀ ní ọjọ́ náà, tí yóò pe erin ní orúkọ rẹ̀, tí yóò sì bu omi fún àlejò.